Bí iná bá lọ lóru, ẹ̀rọ wo ló máa gba ọmọ tuntun là ní Ogbómọ̀ṣọ́?

Ìwádìí ìlera NDHS tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2023 sí 2024 sọ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 41 ni kò lo oṣù kan pé láyé. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí yìí ní ọdún 2018, 39 ni wọ́n kà. Ọdún márùn-ún kọjá, ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun kò sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tọwọ́ bọ̀wé pé bó bá máa fi di ọdún 2030, iye náà kò gbọdọ̀ ju 12 lọ.

Ohun tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí kò pọ̀. Àwọn kan wáyé kí oṣù wọn tó pé, ara wọn kò lè mú ooru, ẹ̀dọ̀fóró wọn kò sì tíì gbó. Àwọn kan kò ké nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, torí pé afẹ́fẹ́ wọ́n wọn nígbà tí ìyá wọn ń rọbí. Àwọn kan, kòkòrò àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibà pọ́njú náà sì ń bẹ níbẹ̀, èyí tí kì í fìgbà gbogbo pa ọmọ, ṣùgbọ́n tó lè sọ ọ́ di adití tàbí arọ fún ìyókù ayé rẹ̀.

Tí ọmọ tuntun bá kú ládùúgbò, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ilé ìwòsàn kò ní ẹ̀rọ. Mo fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ wà nílẹ̀, kò ṣiṣẹ́ ni. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ni ẹ̀rọ tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì òru lè lò láìpe ẹnikẹ́ni, tí kò ní dákẹ́ nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, tí ẹni tó máa tún un ṣe sì ń gbé nítòsí. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò fi dandan jẹ́ olówó gọbọi. Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ.

Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí kan tẹ àbájáde kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ka ẹ̀rọ ìṣègùn tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè tí owó kò tó. Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá, bíi mẹ́rin ni kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí iná wa ṣe ń ṣe kò ní bèèrè ìdí. Iná á lọ, á dé, á tún lọ. Ìgbà tó bá padà dé pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló máa ń jó nǹkan inú ẹ̀rọ. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku tó ń bọ̀ láti òkè Ọya á wọ inú fáànù àti asẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ wo ínkúbétọ̀, àpótí tó ń mú ọmọ tuntun móoru. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ ọmọ, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ náà bí ara ọmọ ṣe gbóná tó. Bí wáyà yẹn bá já, odindi ínkúbétọ̀ di àpótí lásán. Wáyà náà kò sí ní Ìbàdàn, kò sí ní Èkó, iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà sì lè ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Báyìí ni ohun tí àwọn olùfẹ́ ìlú fi ayẹyẹ gbé wá ṣe máa ń di ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Èyí tó sì ṣẹ́kù tó ń ṣiṣẹ́, ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n á tẹ́ sínú rẹ̀ pa pọ̀, àrùn ọ̀kan á sì ran èkejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ ní Imperial College ní ìlú London, wo àwọn ínkúbétọ̀ tí wọ́n ti gbé jù sílẹ̀ káàkiri ilé ìwòsàn wa, ó sì rí i pé àpótí wọn kò bàjẹ́. Ó ń yọ ẹ̀yà inú tó ti kú, ó ń fi èyí tó ṣeé rí rà lónìí rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ tó ṣe lórí ìtọ́jú ọmọ tuntun ló jẹ́ kó gba ẹ̀bùn sáyẹ́ǹsì ti iléeṣẹ́ gáàsì NLNG ní ọdún 2023. Mo kà á sí ọ̀kan lára ohun tó gbọ́n jù tí ọmọ Nàìjíríà ti ṣe nínú ìṣègùn láyé ìsinsìnyí, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo ọgbọ́n ló ń yọrí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Design that Matters, fi ẹ̀yà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ínkúbétọ̀: iná iwájú ọkọ̀ ló ń mú un gbóná, fáànù ọkọ̀ ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Èrò wọn ni pé kò sí ìlú tí mẹkáníìkì kò sí. Ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ ohun tuntun 50 tó dára jù ní ọdún 2010. Àmọ́ kò sí iléeṣẹ́ tó gbà láti máa ṣe é tà, ẹ̀rọ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn ṣe é. Ẹgbẹ́ náà kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ fún ibà pọ́njú, èyí tí wọ́n sọ ní Firefly, ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan ní Vietnam tó máa ṣe é tó sì máa tà á ni wọ́n ti kọ́kọ́ lọ jókòó.

Ibà pọ́njú, oòrùn, àti Ogbómọ̀ṣọ́

Níbi ibà pọ́njú ni mo fẹ́ dúró sí jù, torí pé Ogbómọ̀ṣọ́ ní ìpín nínú ìtàn rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá wà nínú ìyá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó máa nílò lọ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú ara rẹ̀ mí. Lẹ́yìn ìbí, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpọ̀jù yẹn. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń fọ́ ni ohun aláwọ̀ ìyeyè kan ti ń jáde tí wọ́n ń pè ní bilirúbìn. Ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó tún un ṣe kó lè bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun ò tíì mọ́wọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ojú àti ara ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń pọ́n ní ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ń mu ọmú dáadáa.

Àmọ́ bí ó bá pọ̀ jù, bilirúbìn máa ń wọ inú ọpọlọ. Ọmọ á kọ ọmú, á rọ jọwọrọ, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pẹ̀lú ohùn tó ga tó sì han gooro, á máa na ẹ̀yìn bí ọrun. Bó bá ti dé ibẹ̀, ohun tó bàjẹ́ nínú ọpọlọ kò ṣeé tún ṣe.

Lára tiwa níhìn-ín, ewu náà tún le sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá ọmọkùnrin, ni kò ní èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, tí wọ́n ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Káńfọ̀ funfun róbótó yẹn gan-an ni mò ń sọ, èyí tí a máa ń kó sínú àpótí aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀ láti ìgbà náà; ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n á yọ ọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n á wọ̀ ọ́ fún ọmọ tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kó káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ A tàbí B, náà ní láti fojú sí ọmọ rẹ̀ dáadáa.

Ojú lásán kì í tètè rí i lára ọmọ dúdú. Ohun tí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ń ṣe ni pé á gbé ọmọ lọ sí ẹnu fèrèsé lójú ọ̀sán, á fi ìka tẹ orí imú tàbí iwájú orí rẹ̀ díẹ̀, á sì ká ìka kúrò. Kí awọ tó padà sí bó ṣe wà, àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á hàn. Á wo ẹyinjú, á wo èrìgì. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ti pọ́n, kò sí ọ̀rọ̀ "ẹ jẹ́ ká wò ó títí di ọ̀la" mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé kí ọmọ tó pé wákàtí 24 láyé ni ojú rẹ̀ ti pọ́n, ilé ìwòsàn ni, kíákíá.

Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ibà pọ́njú. Ẹni tó kọ́kọ́ kíyè sí i ni nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ England, Sister Jean Ward. Ó máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé síta kí oòrùn kàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1956, ó ṣí aṣọ lára ọmọ kan fún àwọn dókítà láti wò: gbogbo ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibì kan tó dúró bí igun mẹ́ta tí àwọ̀ ìyeyè ṣì wà. Ibẹ̀ ni etí aṣọ bò. Láìpẹ́ sí i, wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sójú oòrùn lẹ́nu fèrèsé, bilirúbìn inú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ní ọdún 1958 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ búlúù tó wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ńlá lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ooru. Ìmọ́lẹ̀ búlúù máa ń yí bilirúbìn tó wà lábẹ́ awọ padà, tí á fi lè bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ nípa ẹ̀rọ yìí nìyí: gílóòbù rẹ̀ máa ń di aláìlágbára tipẹ́tipẹ́ kó tó kú. Ẹ ó wò ó, á máa tàn búlúù, ọmọ á wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ìyá á ti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ náà kò tó. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Mítà kékeré kan ló wà fún wíwọn agbára ìmọ́lẹ̀ náà, mítà ọ̀hún sì ni ohun tí a kì í rí ní ibi tí ẹ̀rọ wà. Bí wọ́n bá gbé gílóòbù jìnnà sí ọmọ jù, agbára rẹ̀ á tún dín kù. Gílóòbù LED ni ojútùú tó rọrùn jù báyìí: ó ń pẹ́, kì í gbóná jù, iná tó ń jẹ kéré débi tí ìnfátà àti bátìrì fi lè gbé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti tó, pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ló kù, iṣẹ́ tó léwu, tó gba dókítà tó mọ̀ ọ́n àti ẹ̀jẹ̀ tó bá ọmọ mu, lóru yẹn gan-an.

Ibi tí iná kò bá sí rárá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló mú kí àwọn olùwádìí padà sọ́dọ̀ oòrùn. Dókítà Tina Slusher láti Amẹ́ríkà, Hendrik Vreman ti Stanford, Dókítà Bolajoko Olusanya ní Èkó, àti àwọn mìíràn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé oòrùn ní ìmọ́lẹ̀ búlúù tó pọ̀ dáadáa. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni ìtànṣán tó ń jó awọ àti èyí tó ń gbé ooru wá. Wọ́n bá lo rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ àti fèrèsé ilé láti sẹ́ oòrùn náà, kí búlúù wọlé, kí èyí tó ń jóni dúró síta. Ní Èkó, ní Island Maternity, wọ́n fi ọmọ 447 dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2015: oòrùn tí a sẹ́ kò rẹ̀yìn sí ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Àwọn tí ibà wọn kò tíì le púpọ̀ ni ti Èkó. Ogbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n wá láti dán ti àwọn tó le wò. Ọmọ 174 ni wọ́n gbà wọlé, wọ́n fi bí ẹní ṣẹ́ kèké pín wọn sí méjì ọgbọọgba: 87 lọ sábẹ́ oòrùn tí a sẹ́, 87 lọ sábẹ́ ẹ̀rọ oníná tó lágbára. Ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ń wọn ooru ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wò bóyá oòrùn jó awọ rẹ̀, tàbí omi ara rẹ̀ ń gbẹ. Bí ọmọ bá fẹ́ mu ọmú, wọ́n á gbé e fún ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Global Health gbé àbájáde rẹ̀ jáde: oòrùn Ogbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn tí wọ́n sẹ́ ẹ, kò kéré sí ẹ̀rọ oníná. Àwọn tó wà lábẹ́ oòrùn ni ara wọn máa ń gbóná jù, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó ń ṣọ́ wọn kò fi gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé orúkọ ìlú wa wà nínú ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Mo tún fẹ́ sọ ohun tí ìwádìí yẹn kò sọ. Kò sọ pé kí ìyá gbé ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n sí ìdí ògiri lójú oòrùn àárọ̀, kó máa retí pé á lọ. A ṣì ń gbọ́ ìmọ̀ràn yìí ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà mìíràn láti ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá oòrùn ìyálẹ̀ta lórí ọmọ tí wọ́n fi aṣọ wé kò tó nǹkan kan. Oòrùn ọ̀sán tí a kò sẹ́ á sì jó o. Ọjọ́ méjì, mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán an wò nílé ni bilirúbìn fi ń dé inú ọpọlọ. Oòrùn tí a sẹ́ jẹ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ẹni tó ń wọn ooru ara àti ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kò sì sí lóru, kò sí nígbà tí òjò bá ṣú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà LED àti bátìrì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Bayelsa, Virtue Oboro, tí ibà pọ́njú mú ọmọ tirẹ̀ ní ọdún 2015, ti ṣe ibùsùn ìmọ́lẹ̀ búlúù tó ṣeé ká, tí sólà ń gbé, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Crib A'Glow. Irú rẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kó wà ní àwọn ilé ìwòsàn kékeré tó yí wa ká.

Àyà ìyá

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, òtútù ló kọ́kọ́ máa ń bá a jà. Ní ọdún 1978, ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Colombia, ínkúbétọ̀ kò kárí àwọn ọmọ mọ́. Dókítà Edgar Rey Sanabria, àti Héctor Martínez lẹ́yìn rẹ̀, ní kí àwọn ìyá tú ọmọ sí ìhòòhò, kí wọ́n fi pámpà àti fìlà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n so ó mọ́ àyà wọn, awọ kan awọ. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú kangarú nìyẹn.

Fún ọdún púpọ̀, àwọn dókítà gbà pé kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ínkúbétọ̀ kí wọ́n tó gbé e fún ìyá. Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe agbátẹrù rẹ̀ ló yí i padà. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni wọ́n ti ṣe é, Ilé-Ifẹ̀ sì ni ti Nàìjíríà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebunoluwa Adejuyigbe ti OAU. Àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì ni, láti kílò kan sí 1.799. Láàárín ọjọ́ 28, nínú 100 ọmọ tí wọ́n so mọ́ àyà láti ìbẹ̀rẹ̀, 12 ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n dúró kí ara wọn balẹ̀ ná, ó tó 16. Ọdún 2021 ni àbájáde yìí jáde. Ó tó nǹkan tí gbogbo yàrá ọmọ tuntun yẹ kó tìtorí rẹ̀ tún bẹ́ẹ̀dì tò, kí ìyá àti ọmọ lè jọ wà ní ojú kan.

Kò rọrùn bí ó ṣe ń dún. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà kan kọ̀ jálẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ mú, ọmọ náà kò ju igo ọtí lọ.

"Ọmọ tó kéré báyìí, ẹ fẹ́ tú u síhòòhò nínú ọyẹ́? Ẹ fẹ́ pa á fún wa ni?"

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," nọ́ọ̀sì náà dá a lóhùn, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí ná."

Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Nọ́ọ̀sì tú aṣọ mẹ́ta tí wọ́n fi wé ọmọ náà, ó wọ fìlà fún un, ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ láàárín ọmú méjèèjì, ó yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí imú rẹ̀ má baà dí. Ọ̀já ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi so ó, wọ́n wá fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì tún ní kí Mama fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ní kí ìyá ọmọ sún, kí àwọn náà rí ibi jókòó, pé tó bá rẹ̀ ẹ́, àwọn máa gbà á.

Wọ́n sì lè gbà á lóòótọ́. Bàbá ọmọ náà lè gbà á. Fún ẹni tó bímọ sí Ìkòyí-Ilé tàbí sí abà kan lẹ́yìn Ìrẹsàadú, tí ọkadà nìkan ló wà láti gbé e dé Ogbómọ̀ṣọ́, kò sí ọkọ̀ tó lè mú ọmọ móoru lójú ọ̀nà bí àyà ìyá.

Ti èémí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń kánjú jù. Ọmọ tí kò ké, ìṣẹ́jú kan péré ni wọ́n ní láti nù ún gbẹ, kí wọ́n fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, bí kò bá sì mí, kí wọ́n fi àpò rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ àti ìbòmú kékeré fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Àpò yẹn kò lo iná. Gbogbo agbẹ̀bí, títí kan àwọn ìyá abiyè tó wà ládùúgbò, ló yẹ kó mọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, kí wọ́n sì máa fi bèbí rọ́bà ṣe é léraléra kí ọwọ́ wọn má baà gbàgbé.

Fún èyí tó ń mí ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ń pa dé, bubble CPAP wà. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ́síjìn á gba inú imú ọmọ. Òpó tí èémí ń gbà jáde, wọ́n á ti ẹnu rẹ̀ bọ inú igo omi. Bí ẹnu òpó bá ṣe jìn tó nínú omi ni agbára tó ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ṣí sílẹ̀ ṣe máa tó. Bí omi bá ń hó, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá hó mọ́, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ní Malawi, ní ilé ìwòsàn Queen Elizabeth ní Blantyre, wọ́n lo irú rẹ̀ kan tó dínwó tí Yunifásítì Rice ṣe, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014: nínú 100 ọmọ tí èémí wọn ò já gaara, 44 ló ń yè tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn nìkan, pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, ó di 71. Ohun kan ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù lè fọ́ ojú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ibi tí CPAP bá wà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ láti mọ iye ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú ọ̀nà láti fi afẹ́fẹ́ lásán lú ọ́síjìn náà.

Gbogbo èyí padà sórí iná. UCH ní Ìbàdàn pàápàá, ilé ìwòsàn tí gbogbo wa ń sá lọ, lò ju oṣù mẹ́ta lọ láìsí iná ìjọba láti ìparí ọdún 2024 wọ ọdún 2025 nítorí gbèsè owó iná. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire tàbí Ògo Olúwa kò lè gbé ẹ̀mí ọmọ lé jẹnẹrétọ̀ àti dísù. Èrò tèmi ni pé kí yàrá ọmọ tuntun ní sólà àti bátìrì tirẹ̀, tí a kò so mọ́ ti ọ́fíìsì, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi gbé fíríìjì tàbí amúlétutù. Iná tí LED, ẹ̀rọ ọ́síjìn kan àti gílóòbù kan ń jẹ kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí odindi ilé ìwòsàn ń jẹ.

Lẹ́yìn iná, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, wà níbí láti ọdún 1990, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iná àti ẹ̀rọ ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ń dùn mí pé ẹ̀rọ á kú ní Ogbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sì máa retí ẹni tó máa wá láti Èkó. Ẹni kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa lọ yíká àwọn ilé ìwòsàn, kó nu asẹ́ afẹ́fẹ́ nígbà ọyẹ́, kó wọn ìmọ́lẹ̀, kó pààrọ̀ wáyà àti bátìrì, owó oṣù rẹ̀ kò tó owó ínkúbétọ̀ kan tó máa kú láàárín ọdún méjì.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ ọmọ bíbí ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde, tàbí ọmọ wa kan tó wà lókè òkun bá fẹ́ ra nǹkan fún yàrá ọmọ tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru jókòó, kí wọ́n tó bá ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bi í pé èwo ló ti kú nílẹ̀, kí ló pa á, ta ló lè tún un ṣe. Kí wọ́n má ra ohunkóhun tí ẹ̀yà rẹ̀ kò ṣeé rí rà ní Nàìjíríà. Bí owó náà bá kéré, kí wọ́n ra mítà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ búlúù, àwọn gílóòbù tuntun, àti àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì fún àwọn ìyá tó so ọmọ mọ́ àyà. Bó bá tó dáadáa, sólà àti bátìrì fún yàrá náà, pẹ̀lú owó àtúnṣe ọdún mẹ́ta nínú àdéhùn kan náà.